Ta Ló Ń Gbọ̀n?

Oṣù mẹ́ta ni bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri,
kẹ̀kẹ́ eré-ìje aláwọ̀ ojú-ọ̀run, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
èyí tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń ṣí kúrò ní Kétu
lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Ó ní, "Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.
Bí mo bá ti tẹ fùrẹ́ẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Pọ́bẹ̀"
(bíréèkì ni àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ ń pè é)
"apá mi á máa gbọ̀n rìrì títí dé èjìká.
Àgbà ti dé. Ẹ jẹ́ n máa fẹsẹ̀ rìn."
A kí i kú ìrọ́jú.
Ìyá mi wá òrí tí ó fi ń wọ́ ọ lápá,
ṣùgbọ́n lálaalẹ́, kó tó sùn,
á lọ fọwọ́ pa kẹ̀kẹ́ náà lára.

Èmi ni mo gùn ún lọ́jọ́ Àìkú kan, láì tọrọ.
Ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n;
mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lójú àtùpà.
Mo dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo tẹ fùrẹ́ẹ̀ iwájú,
ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so,
ó gbọ̀n jìgìjìgì, eyín mi ń na eyín.
Mo bọ́ sílẹ̀. Mo jókòó sétí títì, mo rẹ́rìn-ín.
Bàbá, ẹ gbọ́: kì í ṣe ẹ̀yin.

Mo ra rọ́bà tuntun dání lọ bá Odúnlámì lábẹ́ igi odán.
Ó wò ó, ó gbé e sórí àpótí.
"Ilé ń jò, o lọ ra ẹní."
Kò tú fùrẹ́ẹ̀ rárá.
Ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó fi ìka méjì sí ọrùn kẹ̀kẹ́
níbi tí àmúga ti wọ inú egungun rẹ̀,
ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn,
bí ẹni ń rẹ ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.
Kọ́. Kọ́.
"Ọrùn ló yẹ̀," ó ní. "Gbé ìka tìrẹ lé e."
Kọ́.
Ohùn kékeré báyìí ló lé bàbá mi kúrò lójú títì!

Ó fún un, kì í ṣe àfúnpa;
orí gbọ́dọ̀ lè wo ọ̀tún, kó wo òsì.
A dán an wò. Ó ṣì ń kùn.
Ó bá yí ẹsẹ̀ iwájú, ó fi èékánná tọ ojú irin rẹ̀ kiri,
ó dúró níbi tó ń dán.
"Ta ló fi òróró pa ibí?"
Mo dákẹ́.
Òrí ìyá mi. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi.

Ó bu sódábì sórí àkísà,
ó mu ìdérí kan, ó fi ìyókù nu irin
títí ó fi ń dún fín-ín lábẹ́ ìka.
Ìgbà náà ló tó gé páálí ìṣáná,
ó fi há ẹ̀yìn rọ́bà àtijọ́ kó tó dè é,
kí imú rẹ̀ kọ́kọ́ kan irin, kí ìdí tẹ̀lé e,
"bí àlejò tó mọ̀wà:
á kan ilẹ̀kùn ná."
Ó yọ páálí. Ó gba ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta fráǹkì.
Rọ́bà tuntun ńkọ́? "Fi pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lókè,
mo ń wo ẹ̀yìn ẹ̀wù bàbá mi bó ti ń sọ̀kalẹ̀.
Ó tẹ fùrẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró jẹ́ẹ́, bí omi àmù.
Kò bojú wẹ̀yìn. Ó pẹ́ níbẹ̀,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

Lálẹ́, ìyá mi gbé kọ́ọ̀bù ẹ̀kọ gbígbóná fún un.
Ó dà díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.
Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i.
Ó ní, "Ti kẹ̀kẹ́ ti tán."
Mo ní, "Ó ti tán, bàbá."
A bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀nà Ìlárá,
pé ibẹ̀ tẹ́jú,
pé èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ fùrẹ́ẹ̀ níbẹ̀.